Òrùlé wa ń jò, kápẹ́ńtà ní kí n ṣí gbogbo ẹ̀: ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáÌbejì_Òfàtẹ̀dó:
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ọmọ Òróki. Ọ̀rọ̀ òrùlé ni mo bá wá, ẹ jọ̀ọ́ kí ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ dá mi lóhùn. Ilé wa ò tíì pé ọdún mẹ́wàá, páànù longspan alumíníọ̀mù la fi bò ó, kò sì yọ wá lẹ́nu rárá títí òjò ọdún yìí fi bẹ̀rẹ̀. Òjò oníjì tó rọ̀ lóṣù kẹta yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i pé omi ń kán ní yàrá àwọn ọmọ, ó tún wá bẹ̀rẹ̀ ní kọ́ríndọ̀, POP tá a náwó lé ti ní àbàwọ́n bí ìgbà téèyàn da tíì sí aṣọ funfun. Mo pe kápẹ́ńtà kan wá, kò gun òkè o, ó kàn dúró nílẹ̀ ó ń wo òkè, ó ní òrùlé ti gbó, gbogbo ẹ̀ la máa ṣí, àti páànù àti igi. Ó ní páànù tó máa gbà tó sukuwia mítà 240. Ilé yẹn gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní mítà 10. Owó tó pè, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ ọ́ síbí kí ẹ̀jẹ̀ mi má baà ru. Bàbá Ìbejì wà ní Àbújá, wọ́n ní kí n fún un ní ìlàjì kó bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó le. Kí lẹ rí sí i?

ỌmọÌgbọ̀nà:
Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀ mà. Ẹni tí ò gun òkè, báwo ló ṣe mọ̀ pé igi ti jẹrà? Àbí ojú ẹ̀ ń ríran gba inú páànù kọjá ni?

Gbẹ́nàgbẹ́nà_ÒkèFìà:
Ẹ kú ìrọ́jú mà. Kápẹ́ńtà lèmi náà, òrùlé ni mò ń kàn, mi ò fẹ́ ba iṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ mi jẹ́ ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé alumíníọ̀mù gidi kì í dípẹtà, kí ó má tíì pé ọdún mẹ́wàá kẹ́nì kan wá ní ó ti gbó, ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan wà ńbẹ̀. Tí òrùlé bá ń jò, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe àárín páànù ló ń jò, ibi tí páànù ti pàdé nǹkan míì ni. Bí i fáálì, ìyẹn kòtò tí òrùlé méjì ti pàdé tó ń gbé omi wálẹ̀, bí i rídìjì tó wà lórí téńté, ibi tí páànù ti kan ògiri, àti ihò ìṣó. Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn mẹ́ta yìí. Ṣé ilé yín ní párápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ògiri tó ga bo etí òrùlé, àbí òrùlé ẹ̀ yọ síta? Ṣé igi kankan wà nítòsí ẹ̀? Ṣé ẹnikẹ́ni gun òrùlé yẹn láti ọdún tó kọjá, ẹni tó so dísì, ẹni tó gbé táńkì omi, ẹnikẹ́ni ṣá?

ÌyáÌbejì_Òfàtẹ̀dó:
Háà! A so sólà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá yìí. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà, àwọn ọmọkùnrin tó wá so ó ń sáré sókè sáré sódò bí ẹni tó wà ní pápá. Kò sí párápẹ́ẹ̀tì. Igi wà, máńgòrò àwọn aládùúgbò wa ti na ẹ̀ka wá síbi tí òrùlé ti ṣẹ́ kọ́nà sí kọ́ríndọ̀.

ỌmọÌgbọ̀nà:
Ẹjọ́ ti parí. Sólà jẹ̀bi, máńgòrò náà jẹ̀bi.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_ÒkèFìà:
Ẹ dúró ná, ẹ má tíì dájọ́. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa kó má baà di pé a tún na owó sí ibi tí kò yẹ. Mà, bí ẹ ṣe máa wá ojú ibi tó ń jò nìyí, ẹ lè ní kí ẹni tí ẹ bá fọkàn tán ṣe é, ẹ̀yin ẹ má gùn ún o. Lọ́sàn-án gangan tí oòrùn mú, kí ó wọ inú àjà láti ojú ihò sílíìnì, kó pa tọ́ọ̀ṣì, kó jókòó jẹ́ẹ́ títí ojú ẹ̀ á fi mọ òkùnkùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ bí abẹ́rẹ́, ó ti rí i. Kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i lára igi tó sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà kó tan tọ́ọ̀ṣì, kó wo ipa omi lára igi, igi tómi ń gbà lára ẹ̀ máa ń dúdú. Kó tẹ̀ lé ipa yẹn lọ sókè, kó má wo ìsàlẹ̀, nítorí omi lè wọlé lápá ibì kan kó gba orí igi lọ jìnnà kó tó kán. Ibi tó ń kán sí nínú yàrá kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ibi tó ti ń wọlé.

Tí ìyẹn ò bá fi nǹkan hàn, ẹ lo hóòsì. Ẹnì kan lórí òrùlé, ẹnì kan nínú àjà, wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù. Ìsàlẹ̀ òrùlé ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í da omi, kí wọ́n máa gùn ún lọ sókè díẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n dúró lójú kan dáadáa kí wọ́n tó sún. Tẹ́ ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi á ṣàn gba gbogbo ibẹ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ ọ̀gá.

TíṣàFísíìsì:
Mo bá yín ṣe ìṣirò páànù yẹn, nítorí 240 yẹn ò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Mítà 12 sí 10. Òrùlé yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ká ní sẹ̀ǹtímítà 60, 12 á di 13.2, 10 á di 11.2. Tẹ́ ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, ó jẹ́ 148 dínkù díẹ̀. Òrùlé ò tẹ́jú, ó dagun, tó bá jẹ́ dígírì 30, ẹ sọ 148 di púpọ̀ ní 1.155, ẹ máa rí 171. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá lé e torí gígé àti ibi tí páànù ti gun ara wọn, ó di bí i 188. Ká tiẹ̀ pè é ní 190. Sukuwia mítà 50 tó kù yẹn, BQ ta ni kápẹ́ńtà fẹ́ fi bò?

Gbẹ́nàgbẹ́nà_ÒkèFìà:
Hahaha. Tíṣà ẹ ṣeun, àmọ́ mo fẹ́ gbèjà díẹ̀. Tí òrùlé bá ní kọ́nà púpọ̀, páànù tá a ń gé ní ìbú máa ń ṣòfò, ó lè lọ sí 205, 210. 240 ti pọ̀ jù ṣá, mi ò lè gbèjà ìyẹn. Ẹ kàn bi í pé kó ya òrùlé náà sórí pépà fún yín kó kọ gígùn páànù kọ̀ọ̀kan àti iye tó fẹ́ sí i. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ á yà á ní kíá. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n á bínú.

Alájàpá_Alẹ́kúwodò:
Ẹ̀yin kápẹ́ńtà ẹ gbọ́n o. Èmi òfin mi ni pé ẹni tó ń kàn án kò gbọdọ̀ bá mi ra ọjà. Èmi fúnra mi ni mo lọ ra páànù, èmi ni mo lọ sí sọ́ọ̀mìlì. Owó iṣẹ́ nìkan ni mò ń bá kápẹ́ńtà sọ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_ÒkèFìà:
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà, àmọ́ ṣé ẹ mọ igi? Torí mo ti débi tí oníbàárà ti ra igi tútù pẹ̀lú omi lára, ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn torí owó ẹ̀ pọ́ọ́kú, nígbà tó gbẹ ó wé, ìṣó ṣí, páànù bẹ̀rẹ̀ sí í lu, èmi ni wọ́n wá ń bú. Ẹlòmíì á ra arère tàbí àràbà fún igi tó máa gbé òrùlé, ikán á bá a ṣe àríyá. Igi tí mo fẹ́ràn fún òrùlé ni èyí tó le, bí i ayín tàbí ìrókò téèyàn bá lówó ẹ̀, kó gbẹ dáadáa, ká fi Solignum, ìyẹn oògùn ikán, kùn ún yí po ká tó gbé e gùn òkè, pàápàá ẹsẹ̀ igi tó jókòó sórí ògiri. Àtipé ẹ gbé tépù dání lọ sí sọ́ọ̀mìlì. Igi tí wọ́n ń pè ní 2 by 4, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ máa rí i pé èyí míì ò pé rárá. Ohun tó dáa ni pé kí oníbàárà àti kápẹ́ńtà jọ lọ, kí kápẹ́ńtà mú igi, kí oníbàárà sanwó fún olọ́jà lọ́wọ́ ara ẹ̀.

Alájàpá_Alẹ́kúwodò:
Ìyẹn dáa. Mo fara mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti jọ lọ, kò sí pé èmi kọ́ èmi kọ́.

TíṣàFísíìsì:
Ti páànù náà ńkọ́? Kí ẹnì kan má baà ta gẹ́ẹ̀jì 0.45 fún yín ní owó 0.55, ìyẹn bí páànù ṣe nípọn tó ní mìlímítà. Ẹ kọ́kọ́ mú mágínẹ́ẹ̀tì lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Tó bá lẹ̀ mọ́ páànù, kì í ṣe alumíníọ̀mù, irin tí wọ́n fi nǹkan bò ni, aluzinc ni tàbí èyí tó jọ ọ́. Aluzinc kì í ṣe ọjà burúkú o, kó ṣáà ti jẹ́ owó ẹ̀ lẹ san. Tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù lóòótọ́, tẹ́ ò sì ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn gẹ́ẹ̀jì, ẹ gba ègé kékeré lọ́wọ́ wọn, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 20 géérégé, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n ilé ìdáná tàbí ti àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà. Èyí tó jẹ́ 0.55 máa wọ̀n tó gíráàmù 59, 0.45 ò ní ju 49 lọ, ọ̀dà ara ẹ̀ lè fi tíńtín kún un. Alumíníọ̀mù ò lè purọ́ fún òṣùwọ̀n.

ỌmọÌgbọ̀nà:
Tíṣà, ẹ̀yin lẹ yẹ kẹ́ ẹ máa bá wa lọ sọ́jà.

Bàbá_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun:
Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin ọmọ mi. Ilé tí bàbá mi kọ́ ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun níbí, ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ayé àtijọ́, páànù orí ẹ̀ ti pupa tipẹ́ ṣùgbọ́n kò jò. Páànù ìgbà yẹn nípọn, ẹni méjì ló ń gbé e. Mi ò wá fi yangàn o, ìbéèrè ni mo ní. Ilé kejì tí mo kọ́ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, sílíìnì ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ló wà ńbẹ̀, àwọn ọmọ fẹ́ kí n yọ ọ́ kí n fi PVC sí i. Ẹni tó fẹ́ yọ ọ́ ní òun máa fi ayùn gé e ní kíá, ọjọ́ kan péré. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Gbẹ́nàgbẹ́nà_ÒkèFìà:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kó fayùn kàn án rárá! Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì tó bá jókòó jẹ́ẹ́ tí kò fọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Eruku ẹ̀ ni ikú. Téèyàn bá fà á símú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn tó ń fà lè má jáde títí á fi tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí kan jẹjẹrẹ. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi wọ́n ọn kó tutù dáadáa, kí wọ́n yọ ìṣó ẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lódindi, kí wọ́n má fọ́ ọ, kí wọ́n dì í sínú náílọ́ọ̀nù tó nípọn. Ẹni tó ń yọ ọ́ gbọ́dọ̀ bo imú, kì í ṣe pẹ̀lú áńkáṣíìfù o, ìbòmú tó ń sẹ́ eruku kíkúnná gan-an ni. Aṣọ tó wọ̀ kò gbọdọ̀ wọ yàrá. Kẹ́nikẹ́ni má fi ọwọ̀ gbá ibẹ̀ ní gbígbẹ, aṣọ tútù ni kí wọ́n fi nù ún. Kí àwọn ọmọ kúrò nílé lọ́jọ́ yẹn. Tí wọn ò bá lè ṣe é báyìí, ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wà, ẹ kan PVC sábẹ́ ẹ̀ lórí igi tuntun.

Bàbá_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun:
O ṣé ọmọ mi. Màá ní kó kan èyí tuntun sábẹ́ ẹ̀.

ÌyáÌbejì_Òfàtẹ̀dó:
Ẹ kú ìfẹ́ o gbogbo yín. Àbúrò ọkọ mi wá lánàá, ó wọ inú àjà bí Gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe sọ. Ẹ ò ní gbàgbọ́. Lábẹ́ sólà, ihò ìṣó tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé pọ̀, àwọn kan ò tiẹ̀ bọ́ sórí igi rárá, wọ́n kàn dá páànù lu wọ́n tún wá igi sí ẹ̀gbẹ́ kan wọ́n tún lu òmíì. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ wọn ò dí i! Ìyẹn ló ń kán sí yàrá àwọn ọmọ. Ti kọ́ríndọ̀ yẹn, ewé máńgòrò ti dí fáálì pa, ó ti di erùpẹ̀, koríko tiẹ̀ ti hù níbẹ̀, omi ò ríbi lọ ló ń kún bo etí páànù wọlé. Ó fi skrudíráfà gún igi lẹ́yìn ibi tó tutù, ó ní ó le koko, kò wọlé. Igi tí kápẹ́ńtà ní ó ti jẹrà nìyẹn o.

ỌmọÌgbọ̀nà:
Mo ní ẹjọ́ ti parí ẹ ní kí n dúró.

OníSólà_Ayétòrò:
Ẹ jọ̀ọ́ kì í ṣe gbogbo wa. Èmi náà ń so sólà ní Òṣogbo níbí. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kéèyàn kọ́kọ́ wo ìlà ìṣó páànù láti mọ ibi tí igi abẹ́ ẹ̀ gbà, orí igi yẹn ni kí ẹsẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì jókòó sí, ní ibi tí páànù ti yọ sókè, kì í ṣe nínú kòtò ẹ̀ tómi ń gbà. Ìṣó ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní rọ́bà. Tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá jẹ́ irin lásán, ẹ fi rọ́bà sáàárín òun àti alumíníọ̀mù, torí irin àti alumíníọ̀mù tó bá fara kanra tí omi wá wà ńbẹ̀, alumíníọ̀mù ni á máa jẹ díẹ̀ díẹ̀. Mà, ẹ pe àwọn tó so ó fún yín kí wọ́n wá tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fi fọ́tò ihò yẹn ránṣẹ́ sí wọn.

ÌyáÌbejì_Òfàtẹ̀dó:
Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní kì í ṣe àwọn, pé bóyá ẹyẹ ni. Ẹyẹ wo ló ní dírílì?

ỌmọÌgbọ̀nà:
😂😂😂 Ẹyẹ àkókó mà ni o.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_ÒkèFìà:
Iṣẹ́ tí ẹ ní kò ju ti ọjọ́ kan lọ. Ihò kéékèèké tí kò sí lórí igi, kí wọ́n fọ ojú ibẹ̀ kó mọ́ kó gbẹ, kí wọ́n gé alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ lé e, kí gọ́ọ̀mù tó máa ń rọ̀ bí rọ́bà wà lábẹ́ ẹ̀ àti yí etí ẹ̀ ká, kí wọ́n fi ribẹ́ẹ̀tì mú un. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí i o! Mo ń rí i káàkiri ìlú yìí. Sìmẹ́ǹtì tútù máa ń jẹ alumíníọ̀mù, tó bá sì gbẹ, oòrùn ọ̀sán á na páànù, òru á sún un kì, sìmẹ́ǹtì á là, ẹ tún padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣó tí rọ́bà ẹ̀ ti gbẹ, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi ìṣó oníṣúrúù tó ní rọ́bà tó tóbi ju ti àtijọ́ lọ sí ojú ihò kan náà. Fáálì, kí wọ́n kó o, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n wò ó bóyá ó ti lu. Kí ẹni tó bá gùn ún wọ bàtà onírọ́bà, kó máa tẹ orí ìlà ìṣó nìkan. Àárín páànù tẹ́ ẹ bá tẹ̀, ó ti tẹ̀ nìyẹn, omi á máa dúró síbẹ̀.

Alájàpá_Alẹ́kúwodò:
Owó ńkọ́, báwo ló ṣe yẹ kí wọ́n san án? Èmi kì í parí owó títí òjò á fi rọ̀ lé e.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_ÒkèFìà:
Ẹ̀gbọ́n, tí n bá kan òrùlé fún yín lóṣù kọkànlá, ṣé títí oṣù kẹta lẹ máa fi di owó mi mú? Kí lọmọ mi máa jẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀?

Alájàpá_Alẹ́kúwodò:
Hmm. Ó ní ìdí tó o fi sọ bẹ́ẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_ÒkèFìà:
Èyí tí mo máa ń bá àwọn oníbàárà mi ṣe nìyí, tó bá jẹ́ òrùlé tuntun. Owó iṣẹ́ pín sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́ nígbà tí a bá gbé irinṣẹ́ dé. Èkejì nígbà tí igi bá ti dúró tán, kí páànù kankan tó gun òkè, kí oníbàárà tàbí ẹni tó rán wá wò ó, pàápàá bóyá a ti fi irin tí bíríkìlà yọ sílẹ̀ lórí ògiri so wáálì péléètì, ìyẹn igi tó jókòó sórí ògiri, mọ́lẹ̀, torí òrùlé tí ìjì máa ń ṣí lọ lódindi, ibẹ̀ ni kò ti di. Ẹ̀kẹta nígbà tá a bá ti fi hóòsì da omi sí fáálì, rídìjì àti etí ògiri, tí ẹnì kan sì wà nínú àjà. Gbogbo ẹ̀ wà lórí ìwé, gẹ́ẹ̀jì páànù, irú igi, ìṣó, ọjọ́ tá a máa parí, àti pé tó bá jò láàárín ọdún kan èmi ni màá wá tún un ṣe láìgba owó iṣẹ́. Àtúnṣe kékeré bí ti Ìyá Ìbejì yìí, ẹ san owó ọjà ṣáájú, owó iṣẹ́ lẹ́yìn hóòsì.

Ọmọ_Òróki_LÉkòó:
Ẹ̀yin tó nílé onípárápẹ́ẹ̀tì bí i tèmi tí mò ń kọ́ lọ́nà Ìlobù, ṣé kò sí ọ̀rọ̀ ìyànjú fún wa?

Gbẹ́nàgbẹ́nà_ÒkèFìà:
Wàhálà yín pọ̀ ju tàwọn yòókù lọ, ẹ má bínú. Gọ́tà yín wà nínú, tó bá dí, inú ilé ni omi ń bọ̀, kò ríbi gbà síta. Ojú ihò tómi ń gbà jáde kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Kẹ́ ẹ tún lu ihò àpọ̀jù lára párápẹ́ẹ̀tì lókè díẹ̀ sí gọ́tà, tẹ́ ẹ bá ti rí i tómi ń jáde níbẹ̀ ẹ mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ti dí. Gbogbo ilé ṣá, ẹ gbá ewé kúrò lóṣù kejì kí òjò tó dé, ẹ tún gbá a lóṣù kẹjọ nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀. Lẹ́yìn òjò oníjì, ẹ yí ilé po kẹ́ ẹ wo rídìjì bóyá ó ti ṣí.

ÌyáÌbejì_Òfàtẹ̀dó:
Mo fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí Bàbá Ìbejì, wọ́n kà á tán, wọ́n ní kí n má fún kápẹ́ńtà yẹn ní nǹkan kan mọ́. Àwọn aládùúgbò ti gbà kí wọ́n gé ẹ̀ka máńgòrò yẹn, wọ́n kàn ní kí n jẹ́ kí wọ́n ká èyí tó ti pọ́n ná. Gbẹ́nàgbẹ́nà, mo ti kọ̀wé sí yín ní ìkọ̀kọ̀, Sátidé ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá wò ó. Hóòsì wà nílẹ̀, omi kànga wà.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_ÒkèFìà:
Mo ti rí i mà. Màá dé láàárọ̀ kí páànù tó gbóná. Ẹ bá mi sọ fún àwọn onísólà yẹn kí wọ́n wá pa iná ẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan abẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, oòrùn tó bá ti ràn sí i, iná ti wà lára wáyà ẹ̀ nìyẹn.

OníSólà_Ayétòrò:
Tí wọn ò bá wá, ẹ pè mí. Èmi á wá pa á, mi ò ní gba nǹkan kan.

ỌmọÌgbọ̀nà:
Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá Ìbejì, máńgòrò tó pọ́n yẹn, ṣé ó máa kan wa?